Òjò Òru: Ti Àná Ni àbí Ti Òní?

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Karùn-ún, ìjì gbéra láti ìhà Lọ́kọ́ja, ó sì dé Kàbà ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òru. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i, nítorí pé páànù kan wà lórí ilé aládùúgbò mi tí ìṣó rẹ̀ ti yọ, òun ni ó sì máa ń kọ́kọ́ ròyìn ìjì fún gbogbo wa. Òjò náà rọ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ó dá, mo sì sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé òjò rọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀rẹ́ wa tí ó ń gbé ní Ẹ̀gbẹ̀, tí òun náà ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀, kọ ọ́ pé kò sí òjò ní ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n pé òjò rọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òjò kan náà ni. Ó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó gba Mọ̀pà kọjá, ó kan Ìsánlú, ó sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí aago ti kọjá méjìlá òru. Nígbà tí a fi ìwé wa wéra ní òpin oṣù, ṣe ni ó dà bí ẹni pé òjò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tí ọ̀kan yẹ Ẹ̀gbẹ̀ sílẹ̀, tí èkejì sì yẹ Kàbà sílẹ̀.

Àwa márùn-ún ni a ń ṣe iṣẹ́ kíkọ òjò sílẹ̀ yìí ní ilẹ̀ Okun, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Èmi wà ní Kàbà, ẹnì kan wà ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ẹnì kan ní Mọ̀pà, ẹnì kan ní Ìsánlú, ẹnì kan ní Ẹ̀gbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń sanwó fún wa, kò sì sí ẹni tí ó rán wa níṣẹ́. Olùkọ́ Jọ́gíráfì ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá tí ó wà ní Ìsánlú, àwọn yòókù sì ní iṣẹ́ òòjọ́ tiwọn. Ẹni kẹfà wa kò sí nítòsí rárá: àbúrò mi ọkùnrin ni, ìlú Aberdeen ní Scotland ni ó ń gbé, òjò dídì ni òun sì ń kà. Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́, mo ní láti sọ ohun tí mo ń pè ní òjò dídì. Ní ẹnu wa lójoojúmọ́, yìnyín ni gbogbo rẹ̀: èyí tí ó ń já lu páànù nígbà ìjì, èyí tí ó wà nínú fìríìjì, àti èyí tí ó ń bọ́ bí òwú ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì nígbà àtijọ́ ni wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, tí wọ́n pe ti bí òwú yẹn ní òjò dídì, tí wọ́n sì fi yìnyín sílẹ̀ fún èyí tí ó le bí òkúta. Ọ̀nà tiwọn ni èmi yóò tẹ̀ lé níhìn-ín.

Àbúrò mi yìí ni ó dá gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọdún tí ó kọ́kọ́ dé ọ̀hún, ó pè mí lórí fóònù, ó kí mi bí a ṣe ń kí ara wa ní ilẹ̀ wa, ó ní, "Okun, ẹ̀gbọ́n mi. Òjò dídì ti rọ̀ níbí fún ọjọ́ mẹ́ta léra wọn." Mo bi í bóyá gbogbo ilẹ̀ ti funfun. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọjọ́ kan péré ni ilẹ̀ funfun, pé ti ọjọ́ méjì yòókù yọ́ bí ó ṣe ń kan ilẹ̀. Mo wá bi í pé, "Èwo nínú rẹ̀ wá ni ọjọ́ òjò dídì?" Kò rí èsì fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi rí àwọn ènìyàn kan ní àdúgbò rẹ̀ tí wọ́n ti dáhùn ìbéèrè náà kí a tó bí àwa méjèèjì.

Ìdáhùn wọn ni pé ìwé méjì ni. Ní Ìlú Ọba, ọjọ́ tí òjò dídì bọ́ yàtọ̀ sí ọjọ́ tí òjò dídì bo ilẹ̀. Kí a tó ka ọjọ́ kan mọ́ ti àkọ́kọ́, ó tó kí ìwọ̀nba díẹ̀ bọ́ láti ojú ọ̀run, kódà bí ó bá dà pọ̀ mọ́ omi òjò. Ti èkejì le díẹ̀: ẹni tí ń wò ó gbọ́dọ̀ jáde síta ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, kí ó wo ilẹ̀ yí ká, kí ó sì rí i pé ó ju ìdajì ilẹ̀ lọ tí ó funfun. Bí ó bá funfun ní aago méje, tí ó sì ti yọ́ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, kò wọ ìwé. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré. Ní ìṣirò ọdún 1981 sí 2010, ìpíndọ́gba ọjọ́ tí òjò dídì bọ́ ní Ìlú Ọba jẹ́ 23.7 lọ́dún, nígbà tí ìpíndọ́gba ọjọ́ tí ó bo ilẹ̀ jẹ́ 15.6. Ẹni méjì lè máa jiyàn lórí ọdún kan náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí àwọn méjèèjì sì máa sọ òótọ́.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ni ará Kàbà ń wá nínú ọ̀rọ̀ òjò dídì. Èsì mi ni pé òjò dídì ń bẹ lókè orí wa, kò kàn lè dé ilẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, ènìyàn yóò gòkè tó nǹkan bíi 4,500 sí 5,000 mítà kí ó tó dé ibi tí omi ti ń dì, bẹ́ẹ̀ òkè Chappal Waddi tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà kò ju 2,419 mítà lọ. Àwọsánmà ìjì wa máa ń ga kọjá ibẹ̀ dáadáa, èyí tí ó fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú ọ̀wààrà òjò tí ń pa wá ní oṣù Karùn-ún ti kọ́kọ́ dì lókè lọ́hùn-ún kí ó tó yọ́ lójú ọ̀nà. Yìnyín nìkan ni ó máa ń yè é, nítorí pé ó tóbi, ó sì ń sáré bọ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún bàbá Ìsánlú, ó wò mí títí, ó ní bí òun bá mọ̀ pé omi dídì ni Ọlọ́run ń yọ́ fún òun láti fi gbin iṣu, òun ìbá ti máa dúpẹ́ ju bí òun ti ń ṣe lọ.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ tuntun, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìjọba nìkan. Ní ọdún 1860, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George James Symons, tí kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé òjò jọ láti ọwọ́ àwọn ènìyàn lásán káàkiri Ìlú Ọba. Nígbà tí ó fi máa kú ní ọdún 1900, àwọn tí ń kọ òjò ilé wọn ránṣẹ́ sí i ti lé ní 3,000. Ti Amẹ́ríkà tí ó wù mí jù ni ti ìlú Fort Collins ní ìpínlẹ̀ Colorado. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1997, omíyalé pa ènìyàn márùn-ún níbẹ̀. Ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, òjò tí ó rọ̀ ju íǹṣì 14 lọ, èyí tí ó lé ní 350 mìlímítà. Ní apá ìlà-oòrùn ìlú kan náà, kò tó íǹṣì 2. Ìwọ̀nba irinṣẹ́ díẹ̀ tí ó wà nínú ìlú kò lè rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Nolan Doesken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ náà dá ẹgbẹ́ CoCoRaHS sílẹ̀, níbi tí ará ilé, àgbẹ̀ àti ọmọ ilé-ìwé ti ń wọn òjò, yìnyín àti òjò dídì nínú ọgbà ara wọn. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé òjò ò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí l'eji ń pa. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé ní Kàbà mọ̀ pé eji kì í rí gbogbo wa ní ọjọ́ kan náà. Ẹ lè máa sá fún òjò lẹ́bàá ọjà, kí ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn òkè sì máa sá aṣọ.

Irinṣẹ́ wa kò ná wa ní owó gidi. Ike omi ńlá tí ara rẹ̀ gún régé ni a gé ní ọrùn, a yí orí rẹ̀ dojú dé inú rẹ̀ bí àrọ kí oòrùn má baà fa omi náà gbẹ, a sì so rúlà mọ́ ọn lára. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ike kì í tẹ́, a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, a bu omi lé e títí ó fi kan ojú àmì òdo, láti ibẹ̀ ni a sì ti ń kà. Mìlímítà kan lórí rúlà yẹn dúró fún lítà omi kan lórí mítà kan níbùú lóròó, èyí tí ó túmọ̀ sí pé mìlímítà mẹ́wàá òjò lórí òrùlé tí ó fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá níbùú àti mítà mẹ́wàá lóròó yóò fún ènìyàn ní 1,000 lítà bí ó bá ní ohun tí yóò gbà á sí. Láti ìgbà tí mo ti ṣe ìṣirò yìí ni mo ti ń fi ojú burúkú wo omi tí ń ṣàn lọ sínú gọ́tà.

Ọdún àkọ́kọ́ mi kò wúlò fún nǹkan kan, ẹ̀bi mi sì ni. Mo gbé ike náà sí ẹ̀gbẹ́ ilé kí ewúrẹ́ má baà dà á nù, ó sì dá mi lójú pé mo gbọ́n. Ní gbogbo oṣù ni òjò Kàbà ń pọ̀ ju ti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ lọ, tí mo sì ń sọ fún wọn pé òkè tí ó yí wa ká ni ó ń fà á. Ọjọ́ kan ni ọ̀rẹ́ wa ti Ayétòrò yà kí mi, òjò bá a lọ́dọ̀ mi, a sì jókòó sí fàráǹdà. Ó na ìka sí etí òrùlé láìsọ̀rọ̀. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń ta láti orí páànù sórí símẹ́ńtì, ó sì ń ta láti orí símẹ́ńtì wọ inú ike mi. Mo ya gbogbo ojú ìwé ọdún náà kúrò. Ìlànà tí ó yẹ kí n ti mọ̀ ni pé bí igi tàbí ilé kan bá ga tó mítà mẹ́rin, kí ike jìnnà sí i tó mítà mẹ́jọ, ó kéré tán. Àárín ọgbà ẹ̀gẹ́ mi ni ó wà báyìí, lórí òpó kan, mo sì fi ẹ̀gún yí i ká nítorí àwọn ewúrẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ti òjò òru yẹn ni ó fẹ́ tú wa ká. Àwọn ìjì wa máa ń ti ìlà-oòrùn wá sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè ni ó ń tì wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí ń gbé ọ̀rinrin wá nísàlẹ̀ ń ti orí òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn bọ̀. Púpọ̀ nínú wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán, wọn a sì dé ọ̀dọ̀ wa ní alẹ́. Ìjì tí ó bá kúrò ní Kàbà ní agogo mọ́kànlá kò lè dé Ẹ̀gbẹ̀ kí ọjọ́ tó yí padà, nítorí náà bí a bá ń fi agogo méjìlá òru pín ọjọ́, ọ̀kan nínú wa yóò máa ka òjò ọjọ́ kejì ṣáá. Ẹni tí ó sùn lọ kò tilẹ̀ ní mọ ìgbà tí ó rọ̀.

Àbúrò mi ni ó kọ̀wé sí wa pé àwọn tí ń ka òjò dídì ti la irú rẹ̀ kọjá. Pákó funfun kan ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ ní ìta gbangba, wọn a wọn ohun tí ó bá kó jọ sórí rẹ̀, wọn a sì gbá a mọ́. Ní Amẹ́ríkà, wọn kò gbọdọ̀ gbá a ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín wákàtí mẹ́fà, nítorí pé òjò dídì máa ń fún ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ó bá ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tí ó ń gbá a ní wákàtí wákàtí yóò ní púpọ̀ ju ẹni tí ó gbá a lẹ́ẹ̀kan lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun kan náà ni ó bọ́. Nítorí náà, wákàtí tí a bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni ọba. Àwọn ẹgbẹ́ Colorado ń ka tiwọn ní nǹkan bí aago méje òwúrọ̀, ọjọ́ tí wọ́n kà á náà ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí. Àwọn ará Ìlú Ọba ń ka tiwọn ní aago mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó ṣáájú ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, nítorí pé wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú mẹ́rìnlélógún náà jẹ́ ti àná.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a fi jiyàn lórí èyí tí a ó mú. Bàbá Ìsánlú kò gba èyíkéyìí. Ó ní, "Ìyáàfin, bí òjò bá rọ̀ ní òru, tí mo sì bá ilẹ̀ tútù láàárọ̀, òjò òní ni, òun ni mo fi ń kọ ebè." Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dára fún oko, pé ọ̀rọ̀ ìwé ni a ń sọ. Ó ní ta ni ó wá ni ìwé, bí kì í bá ṣe oko? Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Níkẹyìn, a mú agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, a sì ń kọ ọ́ sí ọjọ́ tí a kà á, gẹ́gẹ́ bí bàbá ti wí. Inú bàbá dùn láti rí i pé ìlànà àwọn ará Colorado bá tirẹ̀ mu.

Lẹ́yìn èyí ni ó kù kí a mọ ohun tí a ń pè ní ọjọ́ òjò. Àwọn tí wọ́n ní irinṣẹ́ gidi a máa ka ọjọ́ kan sí ọjọ́ òjò bí omi bá ti tó 0.2 mìlímítà, wọn a sì tún ní òmíràn tí wọ́n ń kà láti 1.0 mìlímítà sókè. Ojú mi kò lè rí 0.2 lára rúlà ọmọ ilé-ìwé. Nítorí náà, mìlímítà kan ni tiwa. Bí òjò bá wínníwínní tí kò tó bẹ́ẹ̀, a kọ "D", èyí tí ó dúró fún díẹ̀, a kì í sì í kà á mọ́ ọjọ́ òjò. Ìrì òwúrọ̀ kì í ṣe D. Èyí náà gba àlàyé, nítorí pé ẹnì kan láàárín wa ń kọ D sí gbogbo òwúrọ̀ oṣù Kẹwàá.

Èyí tí ó nira jù láti fi kọ́ ènìyàn ni òdo. Kò sí ẹni tí ó máa ń gbàgbé láti kọ ọ̀wààrà òjò, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró nínú oṣù Kẹjọ, tàbí nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, ọwọ́ a máa rọ. Ibi tí ó ṣófo nínú ìwé lè jẹ́ pé òjò kò rọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí ó yẹ kí ó wò ó lọ sí ìnáwó ní Ilọrin. Ọ̀tọ̀ ni àìrọ̀ òjò, ọ̀tọ̀ ni àìsí ẹni tí ó wò ó. A ń kọ òdo fún ti àkọ́kọ́, a sì ń fa ìlà kan fún èkejì, a kò sì gba kí ẹnikẹ́ni fi àgbọ́sọ dí ìlà náà. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a kò ní mọ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ dé àti ọjọ́ tí àrọ̀kúrọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ọjọ́ méjèèjì wọ̀nyí gan-an ni àgbẹ̀ ń bi wá.

Ní ìgbà ọyẹ́, a kì í sinmi. Eruku tí ọyẹ́ ń gbé wá láti ìhà aṣálẹ̀, tí púpọ̀ rẹ̀ ń ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, ni ohun tí ó súnmọ́ òjò dídì jù lọ lójú mi: ó ń bọ́ láìpariwo, ó sì ń bo ilẹ̀. Àbúrò mi ní kí n ṣe pákó bí tòun. Òun kun tirẹ̀ ní ọ̀dà funfun kí oòrùn má baà tètè gbóná sí i lára. Èmi kun tèmi ní dúdú, kí n lè rí eruku. Ìbéèrè àtijọ́ tí mo bi í náà ni ó padà wá bá mi: ṣé ọjọ́ tí ọyẹ́ fẹ́ ni mo ń kà, àbí ọjọ́ tí ó bo pákó? Mo ń ka méjèèjì. Bí mo bá jáde ní aago mẹ́jọ tí n kò rí òkè tí ó wà níwájú ilé wa, mo kọ "ọyẹ́ fẹ́". Bí mo bá fi ìka kọ̀wé lórí pákó náà tí ó hàn, mo kọ "ó bo pákó". Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé òkè yóò ti hàn padà kedere, síbẹ̀ tí ìka mi yóò ṣì máa kọ̀wé lórí pákó.

Nínú oṣù Kẹrin tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ wa ti Mọ̀pà fi àwòrán kan ránṣẹ́. Ó ti gé lára ohun funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn sínú páálí, ó fi fóìlì ìdáná wé e, ó sì gbé e sórí kànga, nítorí mo ti sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Colorado ṣe ń mú yìnyín. Ìjì jà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ojú fóìlì sì dá kòtò kéékèèké bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà. Ó ka kòtò mọ́kànlélógún. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn gba èkùrọ́ kan. Àbúrò mi pè láti Aberdeen, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí ọjọ́ òjò dídì, kí èmi náà lè ní alábàáṣe ní ilé." Mo ní kò ṣeé ṣe, pé ohun tí ó bá le bí òkúta kì í ṣe òjò dídì, àti pé a kò tilẹ̀ ní òpó kankan fún un nínú ìwé. Bàbá Ìsánlú ní kí n ṣe òpó náà, ṣùgbọ́n kí n rí i dájú pé mo kọ tòun pẹ̀lú, nítorí pé òun jókòó síta ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ náà, òun kò sì rí nǹkan kan. Mo fa òpó tuntun sínú ìwé àjákọ mi, mo kọ "Yìnyín" sí orí rẹ̀, mo kọ 1 sí iwájú Mọ̀pà, mo sì kọ òdo sí iwájú Kàbà, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀.